Jìtá Olókùn Mẹ́rin: Ìtàn Ohun Èlò Olóhùn Ìsàlẹ̀ àti Àṣìmọ̀ Àwọn Òǹwòran ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá nínú wa tí kò tíì lo òwe yìí nínú kíláàsì rí. A ti túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá nawọ́ sókè, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni àgídìgbo gan-an?", mélòó nínú wa ló lè dá a lóhùn láìṣe kámikàmìkámi? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò sọ pé ìlù ni, nítorí pé ìlù ni òwe pè é. Ẹni tó bá sì ti fojú rí i rí mọ̀ pé kò ní awọ lójú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Àpótí ni, irin pẹlẹbẹ ló wà lójú rẹ̀, ìka ni a sì fi ń ta á.

Ọ̀rọ̀ tó jọ èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa jìtá olókùn mẹ́rin tí àwọn olórin ń pè ní béèsì, àti bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń ṣì í mọ̀. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni a fi ṣe ibùdó, pàápàá Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́. A kò sọ pé ibẹ̀ nìkan ni àṣìmọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ìlú Yorùbá tí a kò ti lè rí i. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti rí nǹkan ni a ti í ròyìn rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a ó ṣe. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí. Lẹ́yìn náà a ó tọpasẹ̀ ìtàn àwọn ohun èlò tó ti ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin Yorùbá. A ó wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọ̀rọ̀ náà béèrè lọ́wọ́ àwa olùkọ́.

Ohun tí ojú wa rí

Níbi ìnáwó ìgbéyàwó kan ní Òmù-Àrán ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé wa. Àwọn eléré dé, wọ́n to ohun èlò wọn sábẹ́ àtíbàbà. Jìtá mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ọ̀kan nínú wọn kọ́rùn dúró sẹ́yìn, nítòsí àpótí sípíkà ńlá kan. Bí wọ́n ti ń dán ohun èlò wọn wò, màmá àgbàlagbà kan sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ jìtá náà, ó kà á, ó tún un kà.

Ó ní, "Ọkọ mi, ta ló já okùn méjì nínú jìtá rẹ?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò já o, màmá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Màmá kò gbà. Ó nàka sí jìtá àwọn méjì tó wà níwájú, ó ní mẹ́fà-mẹ́fà ni tiwọn. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ owó, ó sì fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, pé kó fi ra okùn tó kù, kí ojú má baà tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí a ti rí ọgbọ́n ọmọ náà nìyí. Bó bá gba owó náà, ó ti parọ́ fún àgbà. Bó bá já àgbà nírọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó ti hùwà àfojúdi. Ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín lé àpótí yìí kí ẹ gbọ́ ohun tí mẹ́rin náà ń wí." Màmá gbé ọwọ́ lé e. Ọmọ náà ta okùn tó nípọn jù, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rìn títí tó fi kú. Màmá yára fa ọwọ́ rẹ̀, ó fi í lé àyà, ó ní, "Họ́wù! Àyà mi ló ń lù." Ó dúró díẹ̀, ó tún ní, "Àgídìgbo lèyí kẹ̀!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé màmá ti fi àṣìmọ̀ kan rọ́pò òmíràn ni. Àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a délé, tí a ronú sí i, ni a tó mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ pé màmá nìkan ló mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo abẹ́ àtíbàbà náà. Ojú ló kọ́kọ́ fi wò ó, ojú sì tàn án jẹ. Nígbà tó fi etí wò ó, ìdí iṣẹ́ ohun èlò náà gan-an ló bá. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé màmá jàre.

Bí orúkọ jìtá ṣe dé àárín wa

Etíkun ni jìtá ti wọlé. Àwọn awakọ̀ òkun, pàápàá àwọn ará Kru láti ilẹ̀ Làìbéríà, ni wọ́n gbé e ká gbogbo etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sì ń ta á ní ìdí ẹmu. Èkó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì da ọgbọ́n tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí orúkọ Túndé King ń ròkè ní Èkó, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ orin jùjú, bánjò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bánjò kì í ṣe jìtá: awọ ló bo ojú tirẹ̀ bí ìlù. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wòran láti ẹ̀yìn àgbàlá, igi ọlọ́rùn gígùn tí a fi okùn tẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Èyí kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Bí èdè ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí ohun titun bá dé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dùùrù. Nínú Bíbélì Yorùbá, ohun èlò olókùn ni dùùrù. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí tí a ní kí wọ́n tẹ dùùrù, ohun èlò tí a ń fi ìka tẹ eyín rẹ̀ ni wọn yóò jókòó tì. Orúkọ náà ti ṣí kúrò lára ọ̀kan, ó ti bọ́ sára èkejì, kò sì sí ẹni tó bá a jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni jìtá ṣe fẹ̀, tó fi di pé gbogbo ohun olókùn tí a gbé kọ́rùn ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Gòjé nìkan ló bọ́, nítorí pé ọ̀run ni a fi ń fà á, kì í ṣe ìka la fi ń ta á, àti pé a ti mọ̀ ọ́n pẹ̀lú orin sákárà kí jìtá tó gbilẹ̀.

Iná mànàmáná tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo jìtá tí ẹ̀rọ ń gbé ohùn rẹ̀ sókè nínú orin jùjú. Tẹ́lẹ̀, ikùn jìtá ni ohùn ti ń jáde. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn mọ èyí tó ń dún. Nígbà tí wáyà wọ ọ̀rọ̀ náà, jìtá wà lọ́wọ́ eléré, ohùn sì ń ti inú àpótí kan jáde níbòmíràn. Ojú àti etí kò fi ibì kan náà wò mọ́.

Ta ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Kí ó tó di pé béèsì dé, orin Yorùbá ti ní ohun tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀. A kì í ṣe aláìní tó ń dúró de ẹni tí yóò ta wá lọ́rẹ.

Àgídìgbo ni ká kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Àpótí onígi ni, ihò wà lójú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni a sì tò sí i, mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà. Eléré lè gbé e lé itan tàbí kó fi okùn gbé e kọ́rùn, yóò sì máa fi ìka ta orí irin náà. Irin tó gùn ní ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó kúrú ní ohùn òkè. Láàárín 1950 sí 1959 ni ìgbà rẹ̀ dé gan-an ní Èkó. Adéolú Akínsànyà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Rio Lindo gbé e lárugẹ, J. O. Àràbà náà lò ó, Fàtáì Rolling Dollar sì ni ẹni tó ń ta á fún un. Nínú orin àpàlà, Hárúnà Ìṣọ̀lá kò fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí àwo rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn kan lábẹ́ gbogbo ìlù, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ, tí kò yára, tí kò sì dákẹ́. Orí ohùn yẹn ni ẹsẹ̀ oníjó ń tẹ̀.

Èkejì ni béèsì ńlá onígi, èyí tó ga ju èèyàn lọ, tí a ń dúró tì bí ẹni di ènìyàn mú. Àwọn ẹgbẹ́ orin háíláìfù ló ń lo ìyẹn. Nígbà tí E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Tempos ń ti Gánà wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn ẹgbẹ́ bíi ti Bobby Benson àti Victor Ọláìyá náà ń dìde ní Èkó. Kò sí ẹni tó jẹ́ ṣi béèsì ńlá yẹn mọ̀ fún jìtá, nítorí pé ìdúró rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbé. Ẹgbẹ́ tó ń ti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà, láti Ọ̀fà sí Òmù-Àrán, nínú ọkọ̀ tí èrò àti ẹrù kún, ibo ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí?

Bí béèsì olókùn mẹ́rin ṣe wọlé

Ìṣòro àtigbé yìí gan-an ló bí béèsì tí a ń gbé kọ́rùn. Ní Amẹ́ríkà, Paul Tutmarc ti ṣe irú rẹ̀ kan ní ìlú Seattle láàárín 1930 sí 1939, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender gbé tirẹ̀ jáde, tó pè ní Precision Bass. Iṣẹ́ béèsì ńlá onígi ló fi sínú ara jìtá. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ béèsì ni, ẹ̀wù jìtá ló wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn, nítorí pé kò ṣòro. Jìtá tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní okùn mẹ́fà, béèsì ní mẹ́rin. Gígùn okùn jìtá láti ibi tó ti ń gbọ̀n dé ibi tó dá dúró tó nǹkan bí ínǹṣì 25. Ti béèsì tó ínǹṣì 34. Okùn béèsì nípọn púpọ̀ ju ti jìtá lọ. Nítorí náà, okùn tó rinlẹ̀ jù lára jìtá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41, ìdajì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohùn béèsì fi máa ń lu àyà èèyàn kí etí tó gbọ́ ọ tán. Òfin irin àgídìgbo náà ni: èyí tó gùn ni ohùn rẹ̀ ń rinlẹ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tó wá láti ìlà-oòrùn fi Èkó sílẹ̀. Orin jùjú gba òde àríyá. I. K. Dáírò, tí a bí ní Ọ̀fà ní 1930, ti la ọ̀nà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ Blue Spots, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Àwọn tó tẹ̀lé e, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, sọ ẹgbẹ́ jùjú di ńlá. Nígbà tí yóò fi tó àárín àwọn ọdún 1970, jìtá mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, béèsì sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ tí àgídìgbo ń ṣe ló jókòó lé lórí. Bí a bá wò ó báyìí, ṣé màmá Òmù-Àrán kò sọ òótọ́?

Ọ̀nà tí àwọn òǹwòran ń gbà ṣì í mọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ti rí tí àṣìmọ̀ náà ń gbà wáyé.

Èkíní ni ti ẹni tó ń ka okùn. Ó mọ̀ pé mẹ́fà ni ti jìtá, ó sì rí mẹ́rin, nítorí náà ó gbà pé ìyà ló ń jẹ eléré. Ẹ kíyè sí i pé ẹni yìí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ìmọ̀ rẹ̀ gan-an ló ṣì í lọ́nà. Kíka okùn pàápàá kò tó, nítorí pé béèsì olókùn márùn-ún wà, mẹ́fà náà sì wà.

Èkejì ni ti ẹni tó ń gbọ́ orúkọ. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, jìtá kan wà tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀. Jìtá olókùn mẹ́fà gidi ni, ṣùgbọ́n ohùn àárín àti ìsàlẹ̀ ló ń tẹnu mọ́, tó ń yí i po. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì náà lo irú rẹ̀ nínú orin tirẹ̀. Òǹwòran tó bá gbọ́ pé ohùn kan ń rinlẹ̀ lè nàka sí onítẹ́nọ̀ pé òun ni onibéèsì. Ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ nítorí pé ní Amẹ́ríkà, jìtá tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀ ní okùn mẹ́rin. Bí ẹni tó ti ọ̀hún wá bá pàdé tiwa, ẹnu rẹ̀ àti ẹnu wa kò ní ṣọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń wo ìrísí nìkan. Ẹni yìí rò pé ohun tó bá jọ jìtá ni jìtá, ohun tí kò bá jọ ọ́ kì í ṣe jìtá. Nígbà tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta jìtá oníirin nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, orí ìjókòó ló wà, ohun èlò náà sì nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí tábìlì. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè lè pè é ní dùùrù. Bẹ́ẹ̀ okùn ló wà lórí rẹ̀, jìtá sì ni. Ẹ rí i pé ìrísí tan ni jẹ níhà méjèèjì: ó fi jìtá pa mọ́ sínú tábìlì, ó sì fi béèsì pa mọ́ sínú jìtá.

Bí àwọn olórin ṣe ń dáhùn

A ti bá onírúurú onibéèsì sọ̀rọ̀ ní àgbègbè wa, nínú ẹgbẹ́ eléré àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kàn. Àwọn kan ní àwọn kì í dáhùn rárá, ẹ̀rín ni àwọn ń rín, nítorí pé òde àríyá kì í ṣe ilé-ìwé. Àwọn kan ní olórí ẹgbẹ́ àwọn máa ń pe ohun èlò kọ̀ọ̀kan lórúkọ láàárín orin, kí èèyàn lè mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ wa púpọ̀. Bí òǹwòran bá takú pé béèsì kò ṣe nǹkan kan, onibéèsì yóò ṣẹ́jú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì dákẹ́ láàárín orin. Orin kò ní dúró: jìtá ń dún, ìlù ń dún, akọrin ń kọ. Ṣùgbọ́n ijó yóò bàjẹ́. Ẹsẹ̀ yóò máa wá ibi tí yóò tẹ̀. Nígbà tó bá padà wọlé, gbogbo agbo yóò hó láìmọ ohun tí wọ́n ń hó fún.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀rín lọ. Níbi ìnáwó, ẹni tí a bá mọ̀ ni à ń ná owó fún. A ń lẹ owó mọ́ iwájú orí akọrin, a ń lẹ ẹ́ mọ́ ti onígángan tó kì wá, a sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta jìtá iwájú. Ẹni tó wà lẹ́yìn, tó gbé ijó náà ró, a kò mọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì lè mọyì ohun tí a kò mọ̀. Ọmọ tó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kí ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́? Bí ó bá ní jìtá, bàbá yóò ra olókùn mẹ́fà fún un.

Ohun tí Ẹ̀sìẹ́ lè kọ́ wa

Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà ló kó wọn pọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n nítorí àwọn ère òkúta rẹ̀, tó lé ní 1,000. Ìtàn àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ sọ pé wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀ ni, wọ́n sì sọ pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ní 1933, H. G. Ramsay, alábójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, ròyìn wọn fún àwọn ará ìta. Ní 1945 ni a dá ilé ìkóǹkanìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló máa ń fẹ́ sọ ohun tí àwọn ère náà jẹ́. Ẹlòmíràn á ní ará òkèèrè ni wọ́n, ẹlòmíràn á ní ìlú báyìí ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe wá ní àǹfààní jù ni ti ẹni tó mú sùúrù, tó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: irun orí wọn, ilà ojú wọn, àpótí tí wọ́n jókòó lé, àdá tó wà lọ́wọ́ àwọn kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Phillips Stevens ṣe nínú ìwé tó tẹ̀ jáde nípa wọn ní 1978. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí a tó sọ ohun lórúkọ, kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà lára rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a sì gbọ́ ìtàn orúkọ tiwa gan-an. Wọ́n ní ogbo tí Odùduwà fún Àjàgúnńlá ni ó fi ń la ọ̀nà, pé ogbo mọ̀nà, òun ló di Ìgbómìnà. Iṣẹ́ tí ogbo ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ìrísí rẹ̀.

Àṣìṣe tiwa

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan kí a tó gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a ṣe ìdánwò nípa ohun èlò orin fún kíláàsì kan. A béèrè pé, "Okùn mélòó ni jìtá ní?" Ọmọkùnrin kan kọ mẹ́rin. A fa pupa sí i, a fún un ní òdo. Ó gba ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó sì lọ jókòó. Kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ kì í bá tíṣà rẹ̀ jiyàn.

Ọmọ yẹn ló ń ta béèsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láti ọmọdé rẹ̀, jìtá kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn ni olókùn mẹ́rin. Ohun tó mọ̀ ló kọ. Àwa ni òǹwòran tó ṣì í mọ̀. Ó sì dáhùn bí ọ̀pọ̀ onibéèsì ṣe ń dáhùn, ó dákẹ́. Nígbà tí a fi mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ti jáde ní ilé-ìwé, èsì sì ti lọ. A ti yí ìbéèrè yẹn padà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n òdo yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Ìmọ̀ràn fún àwa olùkọ́

Àkọ́kọ́, orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni kí a kọ́kọ́ gbà. Béèsì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti Yorùbá lẹ́nu akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti eléré. Kò sí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

Èkejì, bí a bá nílò àlàyé nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ wà nílé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló mọ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, nítorí a fi ń kọ́ wọn ní àmì ohùn. Bí a bá pe béèsì ní jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, kò sí ọmọ tí kò ní yé. Àwọn àgbà onímọ̀ tó ṣe ìwé èdè ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, ti fi hàn wá pé èdè wa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Ohun èlò orin náà yẹ fún irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a máa fi etí kọ́ni. Bí àgídìgbo bá wà ní ìlú, kí a bẹ onílé kí ó gbé e wá. Bí onibéèsì bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a pè é. Kí a gbé méjèèjì síwájú àwọn ọmọ, kí a ní kí wọ́n di ojú wọn, kí wọ́n sọ ibi tí ohùn wọn ti jọra. Ìgbà náà ni òwe àgídìgbo yóò kúrò ní ohun tí wọ́n há sórí nìkan. Kí a sì yára, nítorí pé ẹni tó mọ àgídìgbo ta ń dín kù, béèsì sì ń pọ̀ sí i. Bí ọmọ bá mọ ìbátan tó wà láàárín wọn, kò ní rò pé ilẹ̀ òkèèrè ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tó ń lu àyà.

Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ bá dáhùn ohun tí a kò retí, kí a béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó fa pupa.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àṣìmọ̀ tí àwọn òǹwòran ń ṣe nípa béèsì ní ìtàn nínú. Orúkọ jìtá fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Iná mànàmáná ya ohùn kúrò lára ohun tó ń dún. Béèsì sì wọ ẹ̀wù jìtá wá jókòó sí àyè àgídìgbo. A tún ti rí i pé àwọn olórin fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ gbà á, àti pé owó àti iyì ni wọ́n ń pàdánù nínú rẹ̀.

Màmá Òmù-Àrán kò gba owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ijó gbóná, ó rìn kọjá lára akọrin àti lára onígángan, ó lọ sẹ́yìn, ó sì lẹ owó okùn náà mọ́ iwájú orí ọ̀dọ́mọkùnrin onibéèsì. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ní ó ń jó àgídìgbo. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwa olùkọ́ wà lára àwọn ọ̀mọ̀ràn tí yóò mọ̀ ọ́n.